Ìwé ìdìbò méjì láti inú ilé kan

Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, 24 May 2018, ọkọ mi pa tẹlifíṣọ̀n, ó wá jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé wa ní Mulhuddart, lápá ìwọ̀-oòrùn Dublin, ó ní, "Mọ́mì, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá ọ sọ kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́." Láti ogún ọdún tí mo ti mọ ọkùnrin yìí, bó bá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ báyìí, owó ló fẹ́ yá. Mo ní n kò ní. Kò rẹ́rìn-ín.

Ọ̀la tó ń wí yẹn ni ọjọ́ tí gbogbo ọmọ onílẹ̀ Ireland tó ti pé ọdún 18 máa dìbò lórí àtúnṣe kẹjọ inú òfin ìpìlẹ̀ wọn: ṣé kó dúró ni, àbí kí wọ́n yọ ọ́ kí ilé ìgbìmọ̀ lè ṣòfin tó gba oyún ṣíṣẹ́ láyè. Èmi ti mọ ibi tí mo máa fa igi sí. Kò tiẹ̀ wá sí mi lọ́kàn rí pé ọkọ mi náà ní ibi tirẹ̀, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ pé ibẹ̀ lè má jẹ́ ibi tèmi. Bíbélì kan náà là ń kà. Ìjókòó kan náà là ń jókòó sí láti ọdún yìí wá, àfi ìgbà tí wọ́n fi í jẹ díkínì tó bọ́ síwájú.

Ní 7 September 1983 ni wọ́n dìbò láti fi àtúnṣe náà sínú ìwé òfin. Ìdá 66.9 nínú 100 àwọn tó dìbò ló ní bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tó sọ kò le láti yé ọmọ Yorùbá: ọmọ inú ní ẹ̀tọ́ sí ìyè, ìyá tó lóyún rẹ̀ náà ní irú ẹ̀tọ́ kan náà, ọ̀kan kò ju ọ̀kan lọ. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, ẹ̀rín pa mí. Àdúrà wa nìyí! Aláboyún wo ló máa kọjá níwájú àgbà nílé wa tí wọn ò ní sọ fún un pé a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ? Bí ẹni pé àwọn Kátólíìkì ilẹ̀ Ireland wá gbọ́ àdúrà lẹ́nu ìyá mi ni, tí wọ́n lọ sọ ọ́ di òfin.

Àmọ́ Ọlọ́run là ń gbàdúrà sí. Dókítà ni òfin ń bá wí. Ọlọ́run lè gbọ́ ohùn méjèèjì. Dókítà lè dé ibi tó jẹ́ pé ohùn kan ló kù tó ṣeé gbà là, tí òfin sì ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ yàn.

Gbogbo ẹni tó gbé ní Ireland nígbà náà ló mọ orúkọ Savita Halappanavar. Dókítà eyín ni, ọmọ ilẹ̀ Íńdíà, ẹni ọdún 31. Ó gbé oyún ọ̀sẹ̀ 17 lọ sí ilé ìwòsàn ní Galway ní October 2012, oyún náà ti ń bà jẹ́. Ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá òun mú un jáde. Wọ́n ní ọkàn ọmọ ṣì ń lù. Agbẹ̀bí kan gbà lẹ́yìn náà, níwájú àwọn tó wádìí ikú rẹ̀, pé òun sọ fún un pé ilẹ̀ Kátólíìkì ni ibí. Ọmọ kú, májèlé ti wọ ẹ̀jẹ̀ ìyá, òun náà kú ní 28 October. A kò gbóhùn ìyá, a kò gbóhùn ọmọ.

Mo sunkún Savita. Àlejò bí èmi ni. Síbẹ̀, mo ṣì ń lọ dìbò kí òfin náà dúró. Ẹ má tíì bínú sí mi.

Kì í ṣe 2018 ni èmi àti òfin ìpìlẹ̀ Ireland kọ́kọ́ pàdé. Ní 2002 ni mo dé Dublin. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni mo bí àkọ́bí wa, ọmọ Ireland sì ni láti ọjọ́ tó dé ilé ayé, torí bí òfin ṣe wà nígbà náà nìyẹn: ẹni tí wọ́n bá bí sórí ilẹ̀ wọn, tiwọn ni. Ẹ̀yin tí ẹ ti wà níbẹ̀ á rántí bí rédíò ṣe ń sọ ọ́. Wọ́n ní àwọn obìnrin Nàìjíríà ń fi oyún oṣù mẹ́sàn-án wọ bàálù. Wọ́n ní àwa la kún ilé ìgbẹ̀bí wọn. Bí mo bá wọ bọ́ọ̀sì nígbà náà, ikùn mi ni wọ́n máa kọ́kọ́ wò kí wọ́n tó wo ojú mi.

Ní 2002 yẹn, wọ́n fẹ́ dá obìnrin Nàìjíríà kan padà sílé, oyún rẹ̀ ti wọ oṣù keje. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ. Àwọn agbẹjọ́rò rẹ̀ ní, ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín pé ọmọ inú ní ẹ̀tọ́ sí ìyè, àwọn ọmọ ìkókó sì ń kú nílé tirẹ̀ ju ti ibí lọ, ẹ jẹ́ kó bí i síbí. Ilé-ẹjọ́ ní àtúnṣe kẹjọ kò débẹ̀ yẹn. Ó kan aláboyún tó bá fẹ́ ṣẹ́ oyún, kò kan ìjọba tó bá fẹ́ gbé aláboyún sínú bàálù.

Nígbà tó di 11 June 2004, wọ́n dìbò láti pa òfin ìbí yẹn tì. Ọjọ́ kan náà ni ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀, èyí tí òfin gbà kí àwa àlejò náà dì, nítorí náà mo pọn ọmọ mi, mo lọ sí ilé ìwé tí wọ́n ti ń dì í. Ìyá òyìnbó kan wà níwájú mi. Wọ́n ka ìwé lé e lọ́wọ́, ọ̀kan lé ọ̀kan. Ó kàn mí, wọ́n fún mi ní ẹyọ kan, ti káńsẹ́lọ̀. Ìwé tó dá lórí irú ọmọ tó wà lẹ́yìn mi, ọwọ́ ìyá yẹn ló wà. Ó bojú wẹ̀yìn, ó fi ìka kan ọmọ mi lẹ́rẹ̀kẹ́, ó ní ọmọ náà mà rẹwà o, ó wá wọlé lọ dìbò tirẹ̀. Ìdá 79 nínú 100 ló ní kí wọ́n pa òfin náà tì. Títí dòní mo ṣì máa ń ronú lórí ìyá yẹn. (Ọjọ́ yẹn gan-an ni Rotimi Adebari, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, wọlé sí ìgbìmọ̀ ìlú Portlaoise. Ní 2007 ó di méyọ̀ wọn, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó máa jẹ méyọ̀ ní Ireland. Wọ́n ń ti ilẹ̀kùn kan, wọ́n ń ṣí òmíràn. Bí orílẹ̀-èdè ṣe máa ń rí nìyẹn.)

Ẹ lè wá rí irú ojú tí mo fi ń wo àwọn pósítà tó kún òpó iná gbogbo Dublin ní 2018. Ọkùnrin kan dá mi dúró lẹ́bàá ilé ìtajà ńlá Blanchardstown, ó fún mi ní ìwé pélébé kan tó ní àwòrán ọmọ inú, ó ní kí n jọ̀wọ́ gbèjà àwọn ọmọ tí kò lè sọ̀rọ̀. Mo wo irun orí rẹ̀ tó ti funfun, mo ní nínú ọkàn mi pé, bàbá, kí lẹ dì ní 2004? N kò bi í. Ó lè wà lára ìdá 21 tó kù. Mo gba ìwé náà, mo fi sínú báàgì, torí mo gba ohun tó wà nínú rẹ̀ gbọ́. Ibi tó ti ń ta mí nìyẹn.

Ìdìbò lórí òfin ìpìlẹ̀ tó ṣáájú èyí, ti May 2015, kò tó nǹkan tí mò ń rojọ́ lé lórí. Mo ti gba ìwé ọmọ onílẹ̀ nígbà náà. Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin, obìnrin sí obìnrin ni. Pásítọ̀ ní bẹ́ẹ̀ kọ́, èmi náà ní bẹ́ẹ̀ kọ́, kò gbà mí ní ìṣẹ́jú méjì, mo jáde lọ ra ẹja ní Moore Street. Ìdá 62 nínú 100 ló ní bẹ́ẹ̀ ni. Lọ́jọ́ Monday mo dé ilé ìtọ́jú arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́, mò ń wọ bàtà fún ìyá kan tí rósárì kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ tọ̀sán-tòru, ó ní òun dìbò bẹ́ẹ̀ ni nítorí ọmọ-ọmọ òun ọkùnrin. Ẹnu yà mí. Mo bi í pé ṣé fáàdà rẹ̀ mọ̀. Ó ní fáàdà kọ́ ló bí ọmọ-ọmọ òun. Mo so okùn bàtà náà, mo dákẹ́.

N kò yí ọkàn padà lórí 2015, n kò sì ní purọ́ pé mo yí i padà kí àròkọ yìí lè dùn. Ohun tó kàn ń rìn mí lára ni ìṣẹ́jú méjì yẹn. Ìyá yẹn ti fi oṣù mélòó kan ronú. Èmi tí mo ń pe ara mi ní ẹni tí Ẹ̀mí ń darí, n kò tiẹ̀ bi Ẹ̀mí náà ní nǹkan kan. Pásítọ̀ ni mo gbọ́.

Ìjọ wa, tí n kò ní dárúkọ rẹ̀, ń pàdé nínú ilé ìkẹ́rùsí kan láàárín àwọn mẹkáníìkì àti ẹni tó ń ta táìlì. Sunday mẹ́ta ni wọ́n fi wàásù lórí ọ̀rọ̀ náà ní 2018. Jeremáyà orí kìíní, tí Ọlọ́run ti mọ̀ wòlíì kó tó dá a sínú ìyá rẹ̀. Sáàmù 139. N kò bá wọn jiyàn lórí ẹsẹ Bíbélì wọ̀nyẹn. Mo fẹ́ràn wọn. Mo kàn ṣàkíyèsí pé wọn kò dé Ẹ́kísódù 21, níbi tí àwọn ọkùnrin ti ń jà tí wọ́n sì ṣe aláboyún léṣe, tí àwọn tó mọ̀wé Bíbélì kò tíì fẹnu kò lórí bóyá owó ìtanràn ni wọ́n ń san fún ọmọ nígbà tó jẹ́ ẹ̀mí ni wọ́n ń fi dí ẹ̀mí ìyá. Ẹsẹ tó bá máa dá wàhálà sílẹ̀, a máa ń fò ó.

Lọ́jọ́ Sunday kẹta, pásítọ̀ ní ẹni tó bá tẹ Yes, kó má ṣe wá sídìí tábìlì Olúwa. Ààmín tó jáde, páànù orí ilé gbọ̀n. Èmi náà ṣe Ààmín. Ẹ̀yìn orí ọkọ mi ni mò ń wò láti ibi tí mo wà, n kò lè rí ẹnu rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí n kò lè sọ nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Àwa Kristẹni Yorùbá ti mọ bí a ṣe ń ya ẹ̀ṣẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára òfin tipẹ́tipẹ́, bó bá ti wù wá. Ṣọ́ọ̀ṣì ní ìyàwó méjì kò dáa, òfin ìbílẹ̀ Nàìjíríà gbà á, n kò sì tíì rí ìjọ tó gbààwẹ̀ kí wọ́n lè máa ju baálé oníyàwó mẹ́ta sẹ́wọ̀n. Nígbà míì, òun gan-an ló ra dùrù. A ń wàásù sí tẹ́tẹ́, Bàbá Ìjẹ̀bú ń bẹ lójúde. A mọ̀ pé a lè pe nǹkan ní ẹ̀ṣẹ̀ láì ní kí ọlọ́pàá wá. Kí ló dé tó jẹ́ pé lórí ikùn obìnrin nìkan ni a kì í rántí pé a mọ̀ ọ́n?

Mo mọ̀ pé ìdáhùn kan wà. Nínú ìyàwó méjì kò sẹ́ni tó kú. Ìdáhùn tó lágbára ni. Ibẹ̀ ni mo dúró sí nígbà náà, ẹsẹ̀ mi kò sì balẹ̀ púpọ̀.

Ohun tó mú mi dúró síbẹ̀ kò sí nínú ìwàásù kankan. Ní 2009 oyún kan bà jẹ́ lára mi ní ọ̀sẹ̀ kọkànlá. Nígbà tó wà ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, wọ́n ti ṣe síkáànì fún mi, mo rí nǹkan kan tí kò ju ẹ̀wà lọ tó ń lù kì, kì, kì lójú ẹ̀rọ. Mo ti fún un lórúkọ. N kò sọ orúkọ náà fún ẹnikẹ́ni, ọkọ mi pàápàá kò mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn tó ti bà jẹ́, àwọn ìyá ìjọ gbé ọbẹ̀ wá bá mi nílé, wọ́n tò yí mi ká lórí ìjókòó, gbogbo wọn sì ń sọ ohun kan náà: "Omi ló dànù, agbè ò fọ́."

Ẹ wo òwe yẹn dáadáa. Mo ti wò ó títí. Ìyá ni agbè, ọmọ ni omi. Omi dànù, a lè tún pọn. Agbè ni ẹ bá wa dá sí. Nínú òwe yẹn, ẹ̀mí ìyá àti ti ọmọ inú kò dọ́gba rárá, àwọn ìyá àgbà wa sì ti dìbò lórí ọ̀rọ̀ yìí kí Ireland tó ní òfin ìpìlẹ̀. Àwọn obìnrin tí wọ́n sọ ọ́ fún mi ní 2009 náà ni wọ́n ṣe Ààmín tó gbọn páànù ní 2018. Mo gbà wọ́n gbọ́ nígbà méjèèjì. Bí aláboyún bá ń lọ, wọ́n á ní a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Bí ohùn kan bá dákẹ́, wọ́n á ní omi ló dànù. Ìsìn mi kọ́ mi ní èkíní. Ìtùnú tí mo rí gbà, èkejì ni.

Àmọ́ omi tiwọn yẹn, mo ti rí i tó ń lù. Ohun tí ìjọba sì ní àwọn máa ṣe bí ìdìbò bá gbà á ni pé, títí dé ọ̀sẹ̀ 12, obìnrin lè ṣẹ́yún láì sọ ìdí, bó bá ti fi ọjọ́ mẹ́ta ronú. Tèmi jẹ́ ọ̀sẹ̀ 11. Ó dà bíi pé bí mo bá tẹ Yes, mò ń fọwọ́ sí ìwé pé omi lásán ni, àti pé orúkọ tí mo fún un, mo fún ojú afẹ́fẹ́ ni. Mo mọ̀ pé agbẹjọ́rò á fọ́ ọ̀rọ̀ yìí sí wẹ́wẹ́ láàárín ìṣẹ́jú kan. Bóyá bó ṣe máa ń rí nìyẹn pẹ̀lú ọ̀pọ̀ nínú wa tí a ń sọ pé ìgbàgbọ́ la fi dìbò. Ìgbàgbọ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ bí ẹ bá gbé e sókè, ẹ máa bá nǹkan kékeré kan lábẹ́ rẹ̀ tó ń lù.

Ó kù díẹ̀ tí n kò lè gbàgbé. Láti 1992 ni wọ́n ti kọ ọ́ sínú òfin pé ẹnikẹ́ni lè rìnrìn àjò lọ ṣẹ́yún nílẹ̀ òkèèrè. Ní 2016, obìnrin 3,265 tó ṣẹ́yún ní ìlú Ọba ló fún wọn ní àdírẹ́sì Ireland. Òfin wa kò dá wọn dúró, ó kàn ní kí wọ́n lọ ṣe é lẹ́yìnkùlé aládùúgbò. Ṣùgbọ́n ẹni tí kì í ṣe ọmọ onílẹ̀ ní láti ní pásípọ́ọ̀tù. Àwọn tó ń dúró de ìwé ìsádi, tó jẹ́ pé lára wọn ni èmi náà wà títí di 2005, kò lè dìde lọ bẹ́ẹ̀, wọ́n ní láti tọrọ ìwé kí wọ́n lè jáde kí wọ́n sì lè wọlé padà. Nítorí náà, ibi tí òfin yẹn ti jẹ́ òfin ní tòótọ́ ni ọ̀dọ̀ tálákà àti àlejò. Ọ̀dọ̀ àwọn tí Bíbélì kò yé sọ̀rọ̀ wọn.

Gbogbo èyí wà lọ́kàn mi lálẹ́ tí ọkọ mi jókòó sórí àtẹ̀gùn. Mo ní kó sọ ọ́.

Ó ní, "Ṣé o rántí àbúrò mi obìnrin?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, èyí tí ibà pa. N kò bá a láyé. Fọ́tò rẹ̀ wà ní pálọ̀ ìyá wọn ní Ìbàdàn, nínú yunifọ́ọ̀mù ilé ìwé, ó ń rẹ́rìn-ín ẹnu kan. Ọdún 1994 ló kú. Ó ní, "Kì í ṣe ibà."

Ẹni ọdún 19 ni. Ẹnìkan bá a ṣẹ́yún ní yàrá ẹ̀yìn ilé kan. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi dùbúlẹ̀ nílé, ara rẹ̀ gbóná bí iná, ọkọ mi ni wọ́n rán lọ ra tẹtirasáílìnì lọ́wọ́ onígbá òògùn. Ó rà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní òun ní ká gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, bàbá wọn ní wọ́n á pe ọlọ́pàá. Bàbá wọn kò pa irọ́. Nínú òfin ìwà ọ̀daràn tí Gúúsù Nàìjíríà ń lò, ọdún méje ni ti obìnrin tó bá ṣẹ́yún ara rẹ̀, ọdún 14 ni ti ẹni tó bá bá a ṣe é. Lọ́jọ́ ìsìnkú, olùṣọ́-àgùntàn wàásù lórí Jóòbù. Ìyá wọn ní kí ọkọ mi búra pé ibà ni.

Ó ní, "Òfin yẹn kò dá a dúró kó má lọ sí yàrá ẹ̀yìn. Ilé ìwòsàn ni òfin náà kò jẹ́ kó lọ."

Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi láti ọjọ́ yìí. Kò dáhùn. Ó ní òun ṣì gbà pé ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ó ní bí ọmọ wa bá wá bá òun lọ́la, òun á kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ kó má ṣe é. "Àmọ́ mo máa tẹ Yes. Mo ní kí n sọ fún ọ kó má di pé mo fi pamọ́."

Mo ní mo máa tẹ No. Mo sọ orúkọ tí mo fún ọmọ 2009 fún un. Ó tún un pè lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni tó ń gbìyànjú àti mọ bó ṣe dún. A kò jà. A gbàdúrà alẹ́ bí a ṣe máa ń ṣe. N kò mọ ohun tí Ọlọ́run ń fi irú àdúrà yẹn ṣe, tí ẹni méjì di ọwọ́ ara wọn mú, tí wọ́n ń tọrọ ìtọ́sọ́nà kan náà, tí Òun sì ti rí ìwé ìdìbò méjèèjì.

Ìdìbò ṣí láago méje òwúrọ̀ Friday. Èdè wọn àti Gẹ̀ẹ́sì ló wà lórí ìwé náà: Tá fún bẹ́ẹ̀ ni, Níl fún bẹ́ẹ̀ kọ́. Ní 2015 ìṣẹ́jú méjì ló gbà mí. Lọ́tẹ̀ yìí, mo pẹ́ nínú àgọ́ débi pé ẹni tó ń ṣọ́ wa wúkọ́. Mo fa igi mi sí Níl. Mo jáde, ọkọ mi ti ń dúró nídìí ọkọ̀. Ó ní ìbò wa ti pa ara wọn, à bá ti jókòó sílé ká fi owó epo ra ẹran.

Ìdá 66.4 nínú 100 ló ní bẹ́ẹ̀ ni: ènìyàn 1,429,981, sí 723,632 tó wà lápá tèmi. Ẹ fi wé ti 1983, ìdá 66.9. Bí ẹni pé wọ́n dojú ìlú dé. Nínú gbogbo Ireland, Donegal nìkan ló ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Lọ́jọ́ Saturday wọ́n ń hó ní Dublin Castle, mo wò ó fún ìgbà díẹ̀, mo rí àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń sunkún ayọ̀, mo rántí fọ́tò inú pálọ̀ Ìbàdàn, mo lọ sí kíṣìnì. N kò lè bá wọn yọ̀. N kò lè pe ara mi ní ẹni tí wọ́n ṣẹ́gun.

Lọ́jọ́ Monday, Bíṣọ́ọ̀bù Kevin Doran ti Elphin sọ lórí rédíò pé Kátólíìkì tó bá mọ̀ọ́mọ̀ tẹ Yes ní láti lọ jẹ́wọ́. Ọkọ mi gbọ́ ọ nínú ọkọ̀. Ó délé, ó ní àwọn Kátólíìkì ti rí ibi lọ, wọ́n ní fáàdà nínú àpótí. Àwa oníṣọ́ọ̀ṣì ilé ìkẹ́rùsí ńkọ́, ta la máa lọ bá?

Èmi mọ ohun tó ń bi mí gan-an. Sunday àkọ́kọ́ nínú oṣù ni ìjọ wa máa ń jẹ Oúnjẹ Olúwa. Ó bọ́ sí 3 June. Òun ló sì kàn láti gbé àwo.

Pásítọ̀ kò tún ọ̀rọ̀ náà sọ lọ́jọ́ yẹn. Bóyá ó gbàgbé, bóyá ó wo iye ènìyàn tó jókòó síwájú rẹ̀ ó sì ronú sí ìṣirò rẹ̀. Àwọn díkínì mẹ́rin gbé àwo jáde, àwọn ife rọ́bà kéékèèké tí wọ́n bu Ribena sí. Ọkọ mi gba ìlà tiwa. Mo rí i tó ń bọ̀ láti ìjókòó dé ìjókòó, ó wọ kóòtù aláwọ̀ eérú tó fi gba ìwé ọmọ onílẹ̀, ó ń tẹrí ba fún àwọn ìyá àgbà bó ṣe yẹ. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n. Mo mọ̀ pé kò ní mu tirẹ̀. Ó ti pinnu láti ilé, mo mọ̀ ọ́n lára bó ṣe so táì.

Ó dé ọ̀dọ̀ mi. Ó dúró.

Mo mú ife kan nínú àwo. Mo mú èkejì, mo nà án sí i.